Kí Ẹ Tó Forúkọ Sọ́ọ̀bù Orí Ayélujára Sílẹ̀, Ẹ Kọ́kọ́ Mọ Ọwọ́ Ẹni Tí Ẹ Máa Kó Ọjà

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ ṣòwò lórí ayélujára, orúkọ ni mo kọ́kọ́ wá. Mo ní páwà báǹkì ni mo máa tà, mo wá orúkọ kan tó ní "iná" nínú, mo forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, mo ní kí wọ́n ya àmì ìdánimọ̀ fún mi, mo sanwó ìkànnì. Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń béèrè ẹni tó máa kó ọjà fún mi. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo kọ̀wé sí bi mí bóyá mo ti rí ẹni tó máa bá mi gbé ẹrù oní-bátìrì. Ẹnì kejì ní bí mo bá fẹ́ kí orúkọ mi wà lára ọjà, àfi kí n ra 1,000. Ìgbà tí mo ṣírò owó ọkọ̀ mọ́ ọn, kò sí èrè kankan níbẹ̀. Báàgì àgbékọ́yìn ni mo padà ń tà. Sọ́ọ̀bù tó ń ta báàgì, orúkọ iná ló ń jẹ́. Àwọn oníbàárà a máa bi mí pé ṣé báàgì náà ń tanná ni.

Ọ̀pọ̀ wa gbà pé ẹni tí kò bá tíì gba ìwé ìforúkọsílẹ̀ kò lẹ́nu láti bá ẹni tó ń tajà lọ́pọ̀ sọ̀rọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀: wọ́n á bi yín ní irú òwò tí ẹ fẹ́ ṣe, wọ́n á béèrè ibi tí ọjà máa wà. Àwọn ọjà kan sì wà tó jẹ́ pé ìwé àṣẹ ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbà lé wọn lórí, bí ohun ìpara, ohun ìṣeré ọmọdé tàbí ohun tó ń lo iná. Ọ̀dọ̀ ẹni tó máa kó ọjà fún yín ni ìdáhùn tó pọ̀ jù nínú ìbéèrè wọ̀nyẹn wà. Bí ẹ bá kọ ìdáhùn sílẹ̀ kí ẹ tó gbọ́ tẹnu rẹ̀, ẹ kàn ń méfò ni.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ kọ ọjà náà sílẹ̀ dáadáa

"Mo fẹ́ ta báàgì" kò tíì tó ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ka ìwé yín gbọ́dọ̀ lè lọ ra ohun náà gan-an láì padà wá bi yín ní nǹkan kan. Ohun tí mo kọ nípa báàgì tèmi nìyí: gíga rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 45, ìbú 30, jíjìn inú rẹ̀ 15, aṣọ polyester 600D (nọ́ńbà tó ń sọ bí okùn aṣọ ṣe nípọn tó), síìpù onírin níta, onírọ́bà nínú, àpò kan nínú tó gba kọ̀ǹpútà alágbèéká oní-íǹṣì 15, àwọ̀ dúdú àti àwọ̀ eérú, ìwúwo rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju gíráàmù 800 lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀rá tirẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ orúkọ aṣọ tàbí irin kan, ẹ lọ sórí ìkànnì àwọn tó ń ta irú rẹ̀, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán. Ibẹ̀ lèmi náà ti mọ ohun tó ń jẹ́ 600D.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá nọ́ńbà HS ọjà náà, ìyẹn nọ́ńbà tí àwọn aṣọ́bodè fi ń dá irú ọjà mọ̀. Àjọ àwọn aṣọ́bodè àgbáyé, World Customs Organization, ló ni ètò yìí, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1988. Kò sí ọjà tó ń kọjá ẹnubodè tí kò ní nọ́ńbà. Mẹ́fà àkọ́kọ́ nínú nọ́ńbà náà dọ́gba ní gbogbo orílẹ̀-èdè tó ń lò ó, kí oníkálukú tó fi tirẹ̀ kún un lẹ́yìn. Báàgì aláṣọ bíi tèmi wà lábẹ́ 420292. Páwà báǹkì tó dá mi lágara wà lábẹ́ 850760, níbi tí bátìrì lithium-ion wà. Ẹ fi nọ́ńbà náà wá ọjà yín lórí ìkànnì àwọn aṣọ́bodè orílẹ̀-èdè yín. Ẹ máa rí owó ibodè tó wà lórí rẹ̀, ẹ ó sì mọ̀ bóyá ó ń fẹ́ ìwé àṣẹ. Kò ju iṣẹ́ ìdajì wákàtí lọ. Èmi kò ṣe é nígbà àkọ́kọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mọ irú ẹni tí ẹ ń wá

Ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ọjà wà, ẹni tó ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ láti tún un tà wà, aṣojú tí iléeṣẹ́ yàn sí orílẹ̀-èdè yín wà, ajẹ́ńtì tó kàn ń bá yín wá ọjà kiri náà wà. Gbogbo wọn ló máa pe ara wọn ní olùpèsè.

Ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ ni pé kí ẹ sá fún alágbàtà, kí ẹ lọ bá ẹni tó ni ẹ̀rọ. Èmi ò gbà á délẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ń rán báàgì 20,000 lóṣù kò ní ráyè gbọ́ tẹni tó fẹ́ 60. Alágbàtà tó ti kó 500 sílẹ̀ máa tà á fún yín, á sì da oríṣi mẹ́ta pọ̀ sínú páálí kan náà. Owó tó fi lé e, owó wàhálà tó gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Alágbàtà tó ń pe ara rẹ̀ ní ẹni tó ń ṣe ọjà lẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, torí ẹni tó bá purọ́ lórí ìyẹn á purọ́ lórí ọjọ́ tí ẹrù máa gbéra.

Ní ti ibi tí ẹ máa wá wọn sí, Alibaba, ìkànnì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Hangzhou ní 1999, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Global Sources àti Made-in-China náà wà, IndiaMART sì wà fún ọjà Íńdíà. 1688 jẹ́ ti Alibaba bákan náà, àmọ́ èdè Ṣáínà ni wọ́n fi ń nájà níbẹ̀, àwọn tó ń gbé Ṣáínà ni wọ́n sì ṣe é fún. Èmi máa ń lọ síbẹ̀ láti wo iye tí wọ́n ń ta ọjà fún ara wọn, kí n tó gba iye tí wọ́n pè fún èmi. Ẹni tó bá lè rìnrìn àjò lè lọ sí ìpàtẹ ọjà Canton Fair ní Guangzhou. Ó ti wà láti 1957, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n sì ń ṣe é: oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún, àti oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá.

Ẹ má sì fojú fo ẹ̀yìn páálí o. Ẹ mú ọjà kan tó jọ èyí tí ẹ fẹ́ tà, ẹ yí i padà, ẹ ka lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Orúkọ ẹni tó ṣe é sábà máa ń wà níbẹ̀, nígbà mìíràn orúkọ ẹni tó kó o wọlé náà wà. Ẹ kọ̀wé sí ẹni tó ṣe é pé, "Ta ni aṣojú yín ní orílẹ̀-èdè wa?" Inú wọn máa ń dùn láti dáhùn, nítorí ọjà tiwọn náà ni yóò tà. Ọ̀pọ̀ aṣojú bẹ́ẹ̀ kì í polówó ara wọn. Ìkànnì wọn a rí bí ohun tí ẹnì kan ṣe ní 2005 tí kò tún fọwọ́ kàn mọ́. Ìyẹn kò ní kí n má fọkàn tán wọn. Ẹni tó ní oníbàárà tó pọ̀ kì í ráyè kun ìkànnì.

Ẹ kọ orúkọ tó mẹ́wàá sílẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Ìdajì wọn máa já bọ́ láìpẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ yẹ̀ wọ́n wò bóyá wọ́n wà lóòótọ́

Ibí ni kí ẹ ti fi sùúrù ṣiṣẹ́. Ẹ má kánjú.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìforúkọsílẹ̀ tiwọn. Gbogbo iléeṣẹ́ tó bá forúkọ sílẹ̀ ní Ṣáínà ló ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan ṣoṣo, oní-ẹyọ 18, tí nọ́ńbà àti lẹ́tà wà nínú rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé àṣẹ ránṣẹ́, kí ẹ wá nọ́ńbà náà lórí ìkànnì ìjọba Ṣáínà tó wà fún àyẹ̀wò iléeṣẹ́. Ẹ lè fi ẹ̀rọ ìtumọ̀ kà á. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Companies House, níbi tí ìjọba ń kọ orúkọ iléeṣẹ́ sí, ni ẹ máa lọ. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ sì máa rí ọdún tí wọ́n dá iléeṣẹ́ sílẹ̀, orúkọ àwọn olùdarí, àti bóyá wọ́n ti tì í pa. Irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ wà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Ohun mẹ́ta ni mo máa ń tẹ́ síwájú ara mi: orúkọ tó wà lórí ìwé àṣẹ, orúkọ tó wà lórí ìkànnì, orúkọ tó wà lórí àkáǹtì báńkì. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀, mo máa béèrè. Ìdáhùn tó mọ́gbọ́n dání lè wà, pé iléeṣẹ́ kan náà ló ní ẹ̀ka tó ń bójú tó ọjà tó ń lọ sílẹ̀ òkèèrè. Bí ó bá jẹ́ àkáǹtì èèyàn kan lásán ni wọ́n fi ránṣẹ́, mo máa ń kí wọn pé ó dàbọ̀. Ẹ tún wo ibi tí ìwé àṣẹ ti sọ irú iṣẹ́ tí iléeṣẹ́ náà ń ṣe. Bí kìkì "ọjà títà" bá wà níbẹ̀ tí "ṣíṣe ọjà" kò sí, alágbàtà ni, ohun yòówù kó wà lórí ìkànnì.

Lẹ́yìn ìyẹn, àwòrán. Ẹ fi àwòrán iléeṣẹ́ wọn sínú Google Lens, tó ń wá ibòmíì tí àwòrán náà wà lórí ayélujára. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi rí pé àwọn méjì tí mo ń bá sọ̀rọ̀, orúkọ wọn yàtọ̀, ìlú wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn kan náà ló wà nínú fọ́tò àwọn méjèèjì, ọkùnrin kan náà tó dé akoto pupa dúró lórí rẹ̀, ó gbé ọwọ́ òsì lé ọ̀pá àtẹ̀gùn. Mo fi fọ́tò méjèèjì ránṣẹ́ sí wọn, mo bi wọ́n pé èwo nínú wọn ni ọkùnrin náà ń bá ṣiṣẹ́. N kò tún gbúròó wọn mọ́ títí dòní.

Ẹ wo ọjọ́ orí ìkànnì wọn pẹ̀lú ètò WHOIS, tó ń fi ọjọ́ tí wọ́n forúkọ ìkànnì sílẹ̀ hàn, kí ẹ sì lọ wo bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ lórí Wayback Machine. Iléeṣẹ́ tó ní òun ti wà láti ogún ọdún, tí ìkànnì rẹ̀ kò ju oṣù mẹ́ta lọ, ó ní ohun tó yẹ kó ṣàlàyé. Àmì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ wọn lórí Alibaba náà, ẹ mọ ohun tó túmọ̀ sí. Gold Supplier túmọ̀ sí pé wọ́n sanwó láti di ọmọ ẹgbẹ́. Verified Supplier ju ìyẹn lọ díẹ̀, nítorí àwọn mìíràn láti ìta ti lọ yẹ iléeṣẹ́ náà wò. Kò sí èyí tó ní ọjà yín máa dára nínú méjèèjì.

Paríparì rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ jọ rí ara yín lórí fídíò. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n jókòó sínú ọ́fíìsì. Ẹ ní kí wọ́n gbé fóònù láti ẹnu géètì, kí wọ́n rìn láì dúró dé ibi tí wọ́n ti ń gé aṣọ, kí wọ́n ya àwọn ẹ̀rọ ìránṣọ hàn yín, kí wọ́n sì fi páálí tó ń dúró de ọkọ̀ hàn yín. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó. Ẹni tó ní iléeṣẹ́ kì í kọ̀ ọ́; ohun tó máa ń dà wọ́n láàmú ni ariwo ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Lẹ́tà àkọ́kọ́

Ẹ kọ ọ́ ní èdè tó yé wọn, kí ó ṣe ṣókí. Tèmi, nígbà tí mo fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ orúkọ tuntun, lọ báyìí: "Mo ń múra láti ṣí sọ́ọ̀bù orí ayélujára tuntun tó ń ta báàgì. N kò tíì forúkọ iléeṣẹ́ tuntun náà sílẹ̀. Mo fẹ́ mọ ọwọ́ ẹni tí mo máa kó ọjà ná. Àlàyé ohun tí mo ń fẹ́ wà nínú ìwé tó wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹyọ mélòó ló kéré jù tí ẹ lè tà? Èló ni ẹyọ kan bí mo bá ra 100, 300 tàbí 500? Ọjọ́ mélòó ló máa gbà láti ọjọ́ tí mo bá sanwó? Èló ni àpẹẹrẹ kan? Bí a bá rí èyí tó bàjẹ́ nínú ẹrù, kí lẹ máa ń ṣe sí i?"

Mo sọ òtítọ́ pé n kò tíì forúkọ sílẹ̀, nítorí irọ́ yẹn kì í pẹ́ tú. Àwọn kan máa ní àwọn kò lè fi iye ọjà hàn yín láì rí nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ tàbí nọ́ńbà owó orí. Àwọn aṣojú iléeṣẹ́ ńlá ló sábà ń sọ bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe ìgbéraga; òfin owó orí ló máa ń fà á. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn ohun tí wọ́n máa fẹ́ rí lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣí àkáǹtì, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá ní àwọn kì í tà fún ẹni tí kò ní sọ́ọ̀bù tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn wọ̀, ẹ ti mọ̀ báyìí, kò tíì ná yín ní kọ́bọ̀.

Bí wọ́n ṣe dáhùn ṣe pàtàkì tó ohun tí wọ́n dáhùn. Ẹni tó ní "bẹ́ẹ̀ ni, kò sí wàhálà" sí ìbéèrè márùn-ún kò ka ìwé yín. Ẹni tó ní, "Síìpù onírin máa jẹ́ kó ju gíráàmù 800 lọ, ṣé ẹ lè gba 850?" ti ka ìwé yín, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Irú ẹni yẹn gan-an ni mo padà bá dòwò pọ̀.

Iye tó kéré jù tí wọ́n lè tà, tí gbogbo wọn ń pè ní MOQ, ṣeé ná. Àmọ́ ẹ mọ ohun tó fà á. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe ẹni tó ń rán báàgì ló fi lélẹ̀; ibi tó ti ń ra aṣọ ni kò ní pa aṣọ láró fún mítà díẹ̀. Nítorí náà, dípò tí ẹ ó fi máa bẹ̀bẹ̀, ẹ bi í pé aṣọ wo ló wà nílẹ̀, àwọ̀ wo ló kù. Bí ẹ bá gba àwọ̀ tó ní, tí ẹ sì fi títẹ orúkọ sílẹ̀ di ìgbà mìíràn, 300 lè di 100 láàárín lẹ́tà méjì.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Àpẹẹrẹ ọjà

Ẹ ra àpẹẹrẹ lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta, ó kéré tán, kí ó jẹ́ ohun kan náà. Ẹ sanwó rẹ̀. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀fẹ́ ń sọ fún wọn pé kò ní owó ọjà.

Ìgbà tí tèmi mẹ́ta dé, lójú, ìkẹta ló dára jù. Mo wọ̀n wọ́n lórí òṣùwọ̀n, mo fi téèpù wọn gíga àti ìbú. Mo fi aṣọ funfun tó tutù nu ara wọn; ti èkejì yọ dúdú sára aṣọ náà. Mo ṣí síìpù, mo tì í, ìgbà 200, mo jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n ṣe é. Lẹ́yìn náà mo kó ìwé kílò mẹ́jọ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo fi wọ́n kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ìkẹta arẹwà yẹn ti ń ya níbi tí okùn èjìká ti wọ ara báàgì. Mo yí inú rẹ̀ síta: ìlà ìránṣọ ẹyọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ti àkọ́kọ́, tí n kò kà sí, ní ìlà méjì àti àgbélébùú kan láàárín. Iyẹn ni mo mú.

Èyí tí ẹ bá mú, ẹ béèrè méjì sí i tó dọ́gba. Ẹ fọwọ́ sí lébẹ́ẹ̀lì wọn, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ yín, kí èkejì padà sọ́wọ́ wọn. Ọjọ́ tí àríyànjiyàn bá dé, òun ni adájọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe dropshipping, tí ọjà máa lọ tààrà láti ọwọ́ olùpèsè dé ọwọ́ oníbàárà láì kan ọwọ́ yín rárá, ẹ má rò pé èyí kò kàn yín. Ẹ ní kí ọ̀rẹ́ kan ra ọ̀kan bí oníbàárà lásán, láì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ rán an. Ẹ ka ọjọ́ tó lò lọ́nà, kí ẹ sì wo irú ọ̀rá tó wà nínú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Iye tí ọjà jẹ́ nígbà tó bá dé ọwọ́ yín

Iye tí wọ́n pè fún yín kì í ṣe iye ọjà. Ẹ kọ́kọ́ béèrè lábẹ́ òfin Incoterms wo ni wọ́n fi pè é, ìyẹn òfin tó ń sọ owó àti ewu tó jẹ́ ti ẹni tó ń tà àti èyí tó jẹ́ ti ẹni tó ń rà. International Chamber of Commerce ló ń ṣe òfin yìí láti 1936. Èyí tó wà lóde báyìí ni Incoterms 2020, ó ní ọ̀rọ̀ 11. Mẹ́rin lẹ máa gbọ́ jù. EXW: ẹ wá gbé e ní ẹnu ilẹ̀kùn wọn. FOB: wọ́n máa gbé e dé inú ọkọ̀ òkun ní èbúté tiwọn. CIF: wọ́n san owó ọkọ̀ àti ìdójútòfò dé èbúté tiyín, àmọ́ láti ìgbà tí ẹrù ti wọ ọkọ̀ ni ewu rẹ̀ ti di tiyín, owó tí wọ́n ń gbà ní èbúté tiyín náà kò sí nínú rẹ̀. DDP: wọ́n san gbogbo rẹ̀ títí kan owó ibodè. Ẹni tó pe 90 ní EXW lè wọ́n ju ẹni tó pe 105 ní FOB lọ. Ẹ má fi wọ́n wéra láì tíì sọ wọ́n di ọ̀kan náà.

Ká ní iye EXW jẹ́ 100, kí a fi ṣàpẹẹrẹ lásán. Gbígbé dé èbúté àti ìwé, 6. Ọkọ̀ òkun, 22. Ìdójútòfò, 1. Owó ibodè àti owó orí, 20. Gbígbé láti èbúté dé ilé ìkẹ́rùsí, 8. Owó báńkì àti pàṣípààrọ̀, 4. Ó ti di 161. Ẹ fi 5 kún un fún èyí tó máa bàjẹ́ tàbí tí oníbàárà máa dá padà: 166. Bí páálí, ìpolówó, owó ìkànnì àti owó tí wọ́n ń yọ lórí káàdì bá jẹ́ 60, ẹ ti ná 226. Bí àwọn mìíràn bá ń ta irú ọjà náà ní 250, èrè yín jẹ́ 24. Bí wọ́n bá ń tà á ní 200, ẹ padà lẹ́yìn ọjà yẹn. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ kò lè sọ 200 di 250.

Ohun kan wà tó máa ń ba ìṣirò jẹ́ fún àwọn tó ń gba ẹrù nípasẹ̀ bàálù: ẹrù tó fúyẹ́ ṣùgbọ́n tó gbàyè. Àwọn tó ń gbé ẹrù kíákíá máa ń fi gígùn, ìbú àti gíga páálí ní sẹ̀ǹtímítà lu ara wọn, wọ́n á pín in sí 5,000, èyí tó bá pọ̀ jù láàárín ìyẹn àti ìwúwo gidi ni wọ́n máa gba owó lé. Páálí 60 × 50 × 40 jẹ́ kílò 24 lójú wọn. Báàgì inú tèmi kò ju kílò 9 lọ. Mo sanwó kílò 15 fún afẹ́fẹ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ní kí wọ́n tẹ báàgì pẹlẹbẹ kí wọ́n tó dì í.

Ìgbésẹ̀ keje: Orúkọ ẹlòmíì àti ìwé ẹ̀rí

Bí wọ́n bá ń ta ọjà tó gbajúmọ̀ fún yín ní ìdá kan nínú mẹ́wàá iye rẹ̀, ayédèrú ni. Àwọn aṣọ́bodè lè gbẹ́sẹ̀ lé e, ìkànnì tí ẹ ti ń tà á sì lè ti sọ́ọ̀bù yín pa. Ìkànnì Global Brand Database, níbi tí orúkọ ọjà tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ wà, jẹ́ ọ̀fẹ́; WIPO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ohun-ìní ọgbọ́n orí, ló ni ín. Ẹ wá orúkọ ọjà níbẹ̀, kí ẹ sì wá orúkọ tí ẹ fẹ́ fi sọ iléeṣẹ́ tiyín pẹ̀lú.

Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n bá fi ránṣẹ́, ẹ má wo èdìdì rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ ni kí ẹ wò. SGS, Bureau Veritas àti Intertek, àwọn iléeṣẹ́ tó ń yẹ ọjà wò, ní ọ̀nà tí èèyàn fi lè béèrè bóyá àwọn ló kọ ìwé kan. Ẹ wo orúkọ tó wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí wọ́n máa ń yá ìwé ara wọn lò. ISO 9001 ń sọ bí iléeṣẹ́ ṣe ń ṣètò iṣẹ́ rẹ̀, kò sọ pé báàgì kò ní ya. Ohunkóhun tó bá ní bátìrì lithium, ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò UN 38.3, tó ń fi hàn pé bátìrì náà yege àyẹ̀wò ààbò fún gbígbé; láìsí i, ọ̀pọ̀ bàálù kò ní gbé e.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Owó, àyẹ̀wò, àti àkókò

Ohun tó wọ́pọ̀ ni ìdá 30 nínú 100 kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, 70 tó kù kí ẹrù tó gbéra. Ẹ má san 70 yẹn láì tíì yẹ ọjà wò. Ẹ lè gba ẹni tó máa lọ fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ìlànà tí wọ́n ń lò jù ni ISO 2859-1: nínú báàgì 500, lábẹ́ ìpele àyẹ̀wò tó wọ́pọ̀, 50 ni wọ́n máa fà yọ, lábẹ́ AQL 2.5 (AQL ni ìwọ̀n àbùkù tí wọ́n lè gbà), bí mẹ́ta bá lábùkù, ẹrù kọjá. Bí ó bá di mẹ́rin, ó kùnà. Ẹ jẹ́ kí èyí wà nínú ìwé àdéhùn kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Tí ẹ bá ń rà lórí Alibaba, ẹ sanwó nínú ètò Trade Assurance wọn, tó ń dáàbò bo owó ẹni tó ń rajà, kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jáde síta nítorí ẹ̀dínwó. Bí ímeèlì bá dé lójijì pé àkáǹtì ti yí padà, ẹ pe nọ́ńbà tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ má pe èyí tó wà nínú ímeèlì náà. Àwọn gbájú-ẹ̀ a máa wọ inú ímeèlì iléeṣẹ́ gidi, wọ́n á dúró de ọjọ́ tí owó fẹ́ kọjá.

Ní ti àkókò: bí ẹ bá ń kó ọjà ní Ṣáínà, ọdún tuntun wọn máa ń bọ́ sí àárín ìparí oṣù kìíní àti oṣù kejì, iléeṣẹ́ a sì máa ti ìlẹ̀kùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹwàá náà, ìsinmi ni. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kejì wà nínú ìwé yín tí ẹ lè yà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ẹ wá lọ forúkọ sílẹ̀

Lọ́jọ́ tí mo kọ fọ́ọ̀mù ẹlẹ́ẹ̀kejì, n kò lo wákàtí kan. Ibi tí wọ́n ti béèrè irú ọjà, mo da ọ̀rọ̀ kọ láti inú ìwé ìgbésẹ̀ kìíní. Ibi tí wọ́n ti béèrè bóyá mo máa kó ọjà wọlé láti òkèèrè, nọ́ńbà 420292 wà lọ́wọ́ mi. Mo mọ iye páálí tí ilé ìkẹ́rùsí máa gbà. Orúkọ tí mo mú kò sọ nǹkan kan nípa báàgì, mo ti gbọ́n. Mo ti ń bá ẹnì kan tó ń rán àpò kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ báyìí. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ló kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn mi yìí, ìwé kílò mẹ́jọ wà nínú rẹ̀, ó ku ọjọ́ kan.